Ta ni Gaspard de Coligny, ọ̀gágun Faransé tí wọ́n pa lẹ́yìn ìgbéyàwó àbúrò ọba?

Nínú ọkọ̀ gbaka tó ń gbéra ní Abobo Gare, ní Abidjan, Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì máa ń jókòó ti ara wọn, èdè Faransé ni púpọ̀ nínú wọn sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lórílẹ̀-èdè tí èdè náà ti wá, ìgbà kan wà tí Krìstẹ́nì ń pa Krìstẹ́nì nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sin Ọlọ́run kan náà. Gaspard de Coligny jẹ́ aṣáájú nínú ogun yẹn, òun náà sì bá a lọ.

Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1519. Lọ́dún 1552, ọba fi í ṣe ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ló ti ja àwọn ogun tó sọ ọ́ di olókìkí.

Kí ló sọ ọ́ di ọmọlẹ́yìn Calvin?

Lọ́dún 1557, òun ló ń dáàbò bo ìlú Saint-Quentin nígbà tí àwọn ọmọ ogun Spain gbógun tì í. Ìlú ṣubú, wọ́n sì mú un nígbèkùn. Àtìmọ́lé yẹn ló ti sún mọ́ ẹ̀kọ́ John Calvin, tí Calvin fúnra rẹ̀ sì kọ lẹ́tà sí i lọ́dún 1558.

Ní 1560, Coligny gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin ní Faransé, lọ síwájú ọba, kí wọ́n lè máa jọ́sìn ní gbangba. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń borí. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Moncontour lọ́dún 1569, ó tún fara gbọgbẹ́ lójú. Àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ ogun tó ti fọ́nká jọ. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹjọ ọdún 1570, ọba gbà láti ṣe àdéhùn àlàáfíà.

Báwo ni ìgbéyàwó ṣe di ìpakúpa?

Ọba Charles IX, tí kò tíì ju ọ̀dọ́ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní bàbá. Ìdílé Guise ní tiwọn gbà pé òun ló wà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe pa bàbá wọn lọ́dún 1563. Coligny sẹ́, wọn kò gbà.

Lọ́jọ́ 18, Oṣù Kẹjọ, ọdún 1572, Marguerite, àbúrò ọba tó jẹ́ Kátólíìkì, fẹ́ Henri ti Navarre tó jẹ́ Huguenot, ní Paris. Ìgbéyàwó yìí ni wọ́n fẹ́ fi parí ìjà. Ọjọ́ 22 ni wọ́n yìnbọn lu Coligny bó ṣe ń ti ààfin bọ̀. Apá àti ìka ló ti fara pa. Ọba wá kí i nílé, ó sì ṣèlérí pé òun yóò wá ẹni tó ṣe é rí. Àwọn kan ní kó kúrò ní Paris, ó kọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 24, àwọn èèyàn Guise já wọlé, wọ́n pa á, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Púpọ̀ àwọn òpìtàn gbà pé ààfin ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Huguenot ló kú ní Paris àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn aládùúgbò wọn ló sì pa àwọn kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló fa rògbòdìyàn Côte d'Ivoire ní 2010 sí 2011, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé Abobo nígbà náà kò nílò àlàyé lórí bí àdúgbò ṣe ń rí tí ìbọn bá wọ̀ ọ́.

Henri ti Navarre ló padà jọba, ó sì di Kátólíìkì lẹ́yìn náà. Òun ló bu ọwọ́ lu òfin Nantes lọ́dún 1598, tó fún àwọn Huguenot láǹfààní láti máa jọ́sìn ní gbangba láwọn ibì kan.

Louise, ọmọbìnrin Coligny, wà láyé rí i. Ọjọ́ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ náà ni wọ́n pa ọkọ rẹ̀. Ó tún fẹ́ William ti Orange, aṣáájú àwọn Dutch, lọ́dún 1583. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yìnbọn pa òun náà nílé wọn ní Delft.