Fẹ́lẹ́ kọ́ ni fúyẹ́: bí mo ṣe wá láptọ́ọ̀pù fún ìyá mi

Nígbà tí mo mẹ́nu ba láptọ́ọ̀pù ìyá mi nínú ètò wa, mo ṣèlérí pé màá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ yín ló fẹ́ mọ èwo gan-an ni mo rà. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti èyí tí mo fi owó ṣòfò lé lórí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa ní Peckham, ní gúúsù London. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àrọmọléegun sì ń bá ọwọ́ wọn jà, pàápàá nígbà òtútù. Ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kò pọ̀. Wọ́n ń bá àbúrò wọn ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ lójú fídíò, wọ́n ń wo ìsìn, wọ́n ń ka ìròyìn, wọ́n sì ń kọ ìtàn ìgbà èwe wọn sílẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ìtàn yìí ló ká wọn lára jù. Ojú ìwé méjìlá ni wọ́n ti kọ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lò nígbà náà jẹ́ èyí tí mo lò tì, ojú rẹ̀ tó ínṣì 15.6. Orí tábìlì oúnjẹ ló ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á lọ bá a níbẹ̀, bí ẹni ń lọ kí baálẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, òtútù mú níbi tábìlì yẹn, wọ́n bá ní kí àwọn gbé e wọ yàrá. Ọwọ́ wọn yẹ̀. Igun rẹ̀ já lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí wúwo bí ọlọ," ni wọ́n wí fún mi nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́. "Ta ló ń gbé ọlọ kiri ilé?"

Láti ọjọ́ náà, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ìtàn dúró sí ojú ìwé kejìlá, nígbà tí bàbá wọn fẹ́ mú wọn lọ sí ilé ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin mi ń béèrè lójoojúmọ́ pé ṣé wọ́n dé ibẹ̀ àbí wọn ò dé ibẹ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun ní kíṣìnnì. Kìlógíráàmù 2.2 ni. Ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú wáyà, gíráàmù 450. Àpapọ̀ rẹ̀ ju àpò ẹ̀lùbọ́ oníkìlógíráàmù méjì àti ààbọ̀ lọ, ọwọ́ tó ń dunni ló sì ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nítorí ẹ̀yin tó ń kọ́ èdè. Ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn tó ń polówó láptọ́ọ̀pù máa ń dà pọ̀, tí Yorùbá sì yà sọ́tọ̀ dáadáa. "Fúyẹ́" ni òdìkejì "wúwo", ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. "Fẹ́lẹ́" ni òdìkejì "nípọn", ojú ló ń rí i. Ìyẹ́ adìyẹ fúyẹ́. Bébà fẹ́lẹ́. Àdá tí alágbẹ̀dẹ lù títí tó fi fẹ́lẹ́, ẹ gbé e wò, ẹ ó rí i pé ó ṣì wúwo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láptọ́ọ̀pù. MacBook Air tó jáde ní 2022 nípọn ní mílímítà 11.3 péré, ó sì wọn kìlógíráàmù 1.24. LG gram onínṣì 14 ti ọdún kan náà nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 17, ṣùgbọ́n gíráàmù 999 ni ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó nípọn jù ló fúyẹ́ jù! Ohun tí wọ́n fi ṣe ara wọn ló fà á. Alumíníọ̀mù ni ti Apple, àdàlù mágíníṣíọ̀mù ni ti LG, mágíníṣíọ̀mù sì jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n alumíníọ̀mù tí wọ́n bá tóbi bákan náà. Àwọn kan tún ń lo fọ́nrán kábọ́ọ̀nù, bíi ThinkPad X1 Carbon, tí orúkọ rẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣáájú kò gbìyànjú o. Ní 1981, Osborne 1 jáde, wọ́n ní ó ṣeé gbé kiri. Kìlógíráàmù 11 ni! Ní oṣù Kìíní 2008, Steve Jobs fa MacBook Air àkọ́kọ́ yọ nínú àpòòwé ní San Francisco, gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Kìlógíráàmù 1.36 ni ìyẹn. Àmọ́ kí ó tó lè wọ inú àpòòwé, wọ́n ti yọ ibi tí a ń ki CD sí kúrò, wọ́n sì ti fi òjé jó RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀, tí kò fi ṣeé yọ, tí kò fi ṣeé fi kún. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó fúyẹ́ lóde òní ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọlọ yẹn, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí láptọ́ọ̀pù kékeré kan ní 199 pọ́n-ùn. Kìlógíráàmù 1.1. Ó ń dán, ó fúyẹ́, Windows 11 wà nínú rẹ̀. Mo kà á lára páálí pé RAM jẹ́ GB 4, àyè ìpamọ́ jẹ́ GB 64, irú tí wọ́n ń pè ní eMMC. Mo ní, kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe? Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

GB 4 àti GB 64 ni ohun tó kéré jù tí Microsoft sọ pé Windows 11 lè fi jí. Ó jí lóòótọ́. Ẹ wo RAM bí orí tábìlì tí ẹ ti ń gé ẹ̀fọ́, kí ẹ wo àyè ìpamọ́ bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Tábìlì ìyá mi kò gbà ju ewé méjì lọ, Windows sì ti fi ẹrù tirẹ̀ kún kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó gbé nǹkan kan sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, update kan dé, kò rí àyè jókòó, ó ń gbìyànjú, ó ń kùnà, ó tún ń gbìyànjú. Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀, ojú àbúrò wọn bá gan lójú kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ṣé kò sí o?" Ẹ̀rù bà wọ́n. "Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Màámi, kọ̀ǹpútà ló di, àwọn ò ṣe nǹkan kan." Mo ní láti pè wọ́n lórí fóònù kí ọkàn tó balẹ̀.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó ṣe ló ń ṣe yìí. Òótọ́ ló sọ. Ẹ má gbàgbé èyí, ẹ̀yin tó wà ní Britain: ẹni tó bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti sọ pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́, láìsọ ìdí. Ẹni tó rà á lójúkojú ní ṣọ́ọ̀bù kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọjà náà kò bá ní àbùkù, àfi tí ṣọ́ọ̀bù náà bá fínnúfíndọ̀ gbà á. Àwọn tèmi ò gbà á. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ẹ ka ìlànà ìdápadà kí ẹ tó yọ káàdì.

Nítorí náà, ìlànà mi lẹ́ẹ̀kejì le díẹ̀. RAM tí wọ́n bá ti jó mọ́ inú, ohun tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa lò títí ẹ̀rọ á fi kú. GB 8 ni ó kéré jù tí mo lè gbà fún ẹnikẹ́ni, mo sì sọ fún ara mi pé GB 16 ni màá wá. Àyè ìpamọ́, SSD, GB 256. Mi ò fọwọ́ kan eMMC mọ́.

Pẹ̀lú iye tó kù lápò mi, tuntun tó ní gbogbo èyí tó sì tún fúyẹ́ kò ṣeé dé. Mo bá yíjú sí tòkunbọ̀. Ẹ̀yin tó mọ Computer Village ní Ìkẹjà ti mọ irú wọn: àwọn láptọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ ńlá lò fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tí wọ́n sì tà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa níhìn-ín kò tíì la òkun kọjá. Wọ́n ṣe wọ́n dáadáa ju èyí tí a ń tà ní olówó pọ́ọ́kú lọ, kíbọ́ọ̀dù wọn sì máa ń rọ ìka lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba èyí tí Intel inú rẹ̀ ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀ kan. Bí tòkunbọ̀ bá pọ́n lójú yín ju bó ṣe yẹ lọ, ọdún tí wọ́n ṣe Intel inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tí mo rà ni ThinkPad X1 Carbon ti 2021, onínṣì 14, RAM GB 16. Lórí òṣùwọ̀n kíṣìnnì wa, ó wọn kìlógíráàmù 1.14. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, kí n lè ní ọjọ́ 14 mi.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, Màámi ló lò ó, kì í ṣe èmi. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan gbé e ní igun, bí ẹni gbé àwo oúnjẹ, kí n wò ó bóyá ara rẹ̀ á tẹ̀. Kò tẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n fi ìka kan ṣí ìdérí. Ẹ ṣe èyí o, pàápàá fún àgbàlagbà! Láptọ́ọ̀pù tó fúyẹ́ gan-an lè jẹ́ kí ìsàlẹ̀ bá ìdérí gbéra sókè, kí ó di pé ọwọ́ méjì ló ń ṣí i, ọ̀kan á tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kan á fa òkè. Fún ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, gíráàmù ọgọ́rùn-ún tó lé sí i sàn ju ìjàkadì yẹn lọ. Tiwa gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà jókòó.

Ìkọ̀wé ńkọ́? Ẹ kọ "ẹ̀kọ́" àti "ọ̀pọ̀lọ́" kí ọjọ́ 14 tó pé. Nínú Unicode, "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ègé méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Bí fọ́ńtì bá burú, àmì ohùn á lọ jókòó sí ibi tí kò yẹ. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí a ti ń yan èdè. Lórí Mac, ẹ yan "ABC – Extended": ẹ tẹ Option pẹ̀lú x, kí ẹ wá tẹ e, ẹ ó rí ẹ.

Ṣájà ló yà mí lẹ́nu jù. USB-C ni ó ń lò, torí náà mo ra ṣájà kékeré wọ́ọ̀tì 65, gíráàmù 130. Ẹ fi wé 450 àná. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi í ṣe òfin pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2026, láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba iná láti ojú USB-C. Àmọ́ ẹ má rò pé ṣájà fóònù wọ́ọ̀tì 20 á ṣe iṣẹ́ kan náà. Nígbà míì ó máa ń rà pálá, nígbà míì kò tilẹ̀ ní dá a lóhùn.

Màámi máa ń lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, ìyẹn náà wà lọ́kàn mi. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ Wh 57. Títí dé Wh 100, ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnu ṣájà onígi mẹ́ta ti Britain ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà náà. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà àti Brazil ló máa wá àfikún ẹnu. Tí iná bá lọ, páwà báǹkì tó tóbi tó lè gbé e fún wákàtí díẹ̀ sí i, torí USB-C náà ni.

Ibi kan wà tí mi ò yege. Fáànù wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ láti abẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Màámi fẹ́ràn láti jókòó lò ó, aṣọ ìbora á dí i, á gbóná bí àdógán. MacBook Air láti ìparí 2020 kò ní fáànù rárá, ì bá ti yanjú èyí, ṣùgbọ́n Màámi ní àwọn ò kọ́ nǹkan tuntun mọ́ ní ọjọ́ orí àwọn. Mo bá ra pátákó kékeré kan tí wọ́n ń gbé e lé. Mo wọn ìyẹn náà: gíráàmù 600. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ni pátákó ń gbé, kì í rìn. Láptọ́ọ̀pù ló ń rìn.

Lánàá mo bá a nínú kíṣìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀kán ata kan. Wọ́n ti dé ojú ìwé kọkàndínlọ́gbọ̀n. Bàbá wọn mú wọn dé ilé ìwé. Wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ kọjá orí kan etí kejì, bí a ti ń ṣe láyé ọjọ́un láti mọ ọmọ tó ti dàgbà tó, ọwọ́ wọn ò tó etí, wọ́n dá wọn padà sílé. Ọmọbìnrin mi ti ń gbìyànjú ọwọ́ tirẹ̀ láti àárọ̀.