Àmì Ara Ọkọ̀ Kò Mọ Ibi Tí Ẹrù Jókòó Sí

Ẹ dúró sí wáàfù Àpápá lọ́jọ́ kan, kí ẹ wo ara ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ní nǹkan bí àárín gígùn rẹ̀. Ẹ ó rí òbìrí kan tí wọ́n kùn síbẹ̀, tí ìlà gbọọrọ kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn ìlà kéékèèké mìíràn wà nítòsí rẹ̀ tí lẹ́tà T, S, W àti F wà lára wọn. S jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nílẹ̀ òyìnbó, W ti ìgbà òtútù, T ti òkun ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, F sì jẹ́ ti omi odò tí kò níyọ̀. Ìlà F ga ju ìlà S lọ nítorí pé omi odò fúyẹ́ ju omi òkun: omi òkun tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, wúwo tó nǹkan bí 1,025 kìlógíráàmù, ti odò kò ju 1,000 lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà máa ń wọ omi odò sí i ju ti òkun lọ.

Samuel Plimsoll, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń di ẹrù àdìjù jà títí tí ilé ìgbìmọ̀ fi fi òfin gbe àmì náà lẹ́sẹ̀ ní 1876. Ẹ̀mí àwọn atukọ̀ tí àmì yìí ti gbà là kò lóǹkà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Àmọ́ bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó nìkan ló ń sọ fún ni. Kò sọ ibi tí ìwúwo náà wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà dojú dé.

Irin tí a bá jù sómi á rì. Ọkọ̀ irin kò rì nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo, ó sì lé omi púpọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Nígbà tí ìwúwo omi tó lé kúrò bá ti dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀, yóò dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ lóde òní kì í kàn án lódindi. Wọ́n á ṣe é ní abala abala, kíréènì ńlá á gbé wọn pàdé, wọ́n á sì jó wọn pọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ ìpele méjì, táǹkì omi sì wà láàárín ìpele méjèèjì. Ògiri irin ló pín ikùn rẹ̀ sí yàrá yàrá, kí omi tó bá ráyè wọ ọ̀kan má baà gba gbogbo rẹ̀.

Ìdúró ọkọ̀ ló wá kàn. Ìwúwo ń fà á sísàlẹ̀, bí ẹni pé ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń fà á. Omi ń tì í sókè, bí ẹni pé ojú kan ṣoṣo lòun náà ti ń tì í. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lóòró, ọ̀kan wà lókè èkejì gan-an. Ká ní ìgbì gbá a, ó sì tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ìhà ọ̀tún á wọ omi sí i, ìhà òsì á yọ síta, ojú tí omi ti ń tì í á sún sápá ọ̀tún. Ojú ìwúwo kò sún nípò rẹ̀ nínú ọkọ̀, bí ẹrù kò bá ti yẹ̀. Omi ń ti ìhà ọ̀tún sókè, ìwúwo ń fa àárín sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ yí ọkọ̀ padà sóòró. Ẹ́ńjìnnì kankan kò sí nídìí iṣẹ́ yìí.

Bí ìwúwo bá ga jù, bí ọkọ̀ ti ń tẹ̀ ni ojú ìwúwo á máa fì lọ, títí tí yóò fi ré kọjá ojú tí omi ti ń tì í. Agbára tó yẹ kó dá a padà á wá di èyí tó ń bì í ṣubú. Kíkó gbogbo ìwúwo sí ìsàlẹ̀ pátápátá náà kò dára o: irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já ara rẹ̀ padà lójijì, irin tí wọ́n fi de ẹrù lè já, atukọ̀ lè fọ́ lórí. Síbẹ̀, ọkọ̀ tó ń fì jẹ́jẹ́, tó ń pẹ́ kó tó padà, tí ara èrò balẹ̀ nínú rẹ̀, òun ló yẹ kó ba atukọ̀ lẹ́rù jù.

Omi tó ráyè rìn nínú ọkọ̀ tún burú ju ẹrù lọ. Ẹ gbé tíréè pẹrẹsẹ tó ní omi díẹ̀ nínú: bó bá ti tẹ̀ báyìí, gbogbo omi á sáré lọ síhà kan, tíréè á sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí táǹkì ọkọ̀ kún dẹ́nu tàbí kó gbẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1987, ọkọ̀ èrò Herald of Free Enterprise kúrò ní èbúté Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀m láìti ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀. Omi ya wọ àjà tí wọ́n ń wa mọ́tò sí, tí kò ní ògiri kankan láàárín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkọ̀ ti dojú dé, èèyàn 193 sì kú nítòsí èbúté.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Sewol, ọkọ̀ èrò Gúúsù Kòríà. Japan ni wọ́n ti kàn án ní 1994. Nígbà tí àwọn ará Kòríà rà á ní 2012, wọ́n fi yàrá kún ti òkè rẹ̀, ojú ìwúwo sì gòkè. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ru ju 987 tọ́ọ̀nù ẹrù lọ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fa omi púpọ̀ sí i sínú táǹkì ìsàlẹ̀, omi tí àwọn atukọ̀ ń pè ní ballast, kí ìdí rẹ̀ lè wúwo. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹrin 2014, ẹrù inú rẹ̀ lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù, wọn ò sì de púpọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n dín omi ìsàlẹ̀ kù kí ẹrù lè ráyè. Wọ́n yọ ìwúwo nísàlẹ̀, wọ́n fi sókè. Àmì Plimsoll kò wọ omi. Ẹni tó bá wò ó láti èbúté á ní kò séwu. Ọkọ̀ yí orí lójijì, ó tẹ̀, ẹrù yọ̀ lọ síhà kan, kò sì lè padà sóòró mọ́. Èèyàn 304 ló bá a lọ, 250 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ iléèwé girama kan ṣoṣo tó ń lọ ṣe ìgbafẹ́ ní erékùṣù Jeju.

Lórí ọkọ̀ kọ̀ńtẹ́nà, iṣẹ́ kan náà ni, ó kàn le sí i ni. Èyí tó wúwo ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ kó wà lókè. Ẹni tó ń ya àtòpọ̀ ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ́ òfin méjèèjì lọ́rùn kí kíréènì tó gbé ẹyọ kan. Ihò irin kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan kọ̀ńtẹ́nà. Irin kan tó lórí, tí wọ́n ń pè ní twistlock, ló ń wọnú ihò ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Bí orí rẹ̀ bá ti yí, ó ti há nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí ìwúwo tí wọ́n kọ sínú ìwé bá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Ní oṣù Kìíní 2007, ìjì ya ara ọkọ̀ MSC Napoli nínú omi tó wà láàárín England àti Faransé. Wọ́n yọ gbogbo atukọ̀ 26, wọ́n sì fa ọkọ̀ náà lọ sétí òkun Branscombe. Nígbà tí wọ́n wọn nǹkan bí 660 kọ̀ńtẹ́nà orí àjà rẹ̀, ìwúwo 137 nínú wọn fi ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ yàtọ̀ sí ohun tó wà lákọsílẹ̀.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2016, òfin òkun àgbáyé ti ní kọ̀ńtẹ́nà tí wọn ò wọ̀n kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó ń ti London tàbí Houston di fíríìjì, ẹ́ńjìnnì àti ẹrù ilé ránṣẹ́ sí Èkó. Ọ̀nà méjì ni òfin fi sílẹ̀: kí ẹ gbé odindi kọ̀ńtẹ́nà tó ti kún lọ sórí òṣùwọ̀n, tàbí kí ẹ wọn ẹrù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pákó àti ohun tí ẹ fi há a, kí ẹ wá fi ìwúwo kọ̀ńtẹ́nà òfìfo kún un. Ẹ ò ní wá ti òfìfo jìnnà: ara ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ ọ́ sí, níbi tí wọ́n kọ TARE sí, bíi 2,200 kìlógíráàmù fún ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún.