Fóònù Tí Ń Sọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tí Ahọ́n Rẹ̀ Kò Yí

Ọmọdébìnrin kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún 9. Orí rẹ̀ pé, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti bí i ni ahọ́n rẹ̀ kò ti yí dáadáa. Ohùn ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó bu omi fún un, ó tì í dànù. Ìyá àgbà ní inú ni ó ń run ún, ó sì fi àdí pa á níkùn. Aládùúgbò kan tilẹ̀ wí pé àkẹ́jù ni, pé pàṣán ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Òru méjì gbáko ni ilé náà kò fi ojú kan oorun. Ní ọjọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì kan tan iná sí etí ọmọ náà, tí ó rí i pé ó ti wú, ọyún sì ti wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan, "Etí ń dùn mí," ni ọmọ náà ti ń wá ọ̀nà láti sọ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Òmíràn kò tètè ké nígbà tí a bí i, afẹ́fẹ́ kò sì dé ọpọlọ rẹ̀ lákòókò. Ibà pọ́njú ni ó mú òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tí a bí i, tí àwọn ará ilé sì ń gbé e sí oòrùn nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn kan wà tí ọ̀tísìmù dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu wọn. Àgbàlagbà pẹ̀lú wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti 60 ọdún, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nítorí gbogbo wọn ni a ṣe ṣe àwọn áàpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Iṣẹ́ áàpù náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. A pín ojú fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì sí àpótí kéékèèké, a fi àwòrán kan sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn sì wà lẹ́yìn àwòrán náà. Bí ọmọ bá tẹ àwòrán ife omi, fóònù yóò wí pé "omi". Bí ó bá ti kọ́kọ́ tẹ "mo fẹ́", gbólóhùn ti pé nìyẹn. Irú kejì kò ní àwòrán: ẹni tí ó mọ̀wé yóò tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà, fóònù yóò sì kà á jáde.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní ìlú Toronto ní Kánádà, ní 1971, àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àmì tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bliss ṣe kọ́ àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, lórí pátákó lásán, kí fóònù alágbèéká tó dé. Stephen Hawking, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù ohùn rẹ̀ ní 1985, nígbà tí òtútù àyà dá a gúnlẹ̀ tí àwọn dókítà sì ní láti dá ihò sí i lọ́fun kí ó lè mí. Kọ̀ǹpútà ni ó fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà títí ó fi kú ní 2018. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń yan ọ̀rọ̀. Ohùn tuntun tí ó dán ju ti àtijọ́ lọ dé, kò gbà á. Èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n ti di ohùn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, nítorí a óò padà sí ọ̀rọ̀ ohùn.

Ẹ̀rù kan wà tí ó máa ń ba àwọn ìyá, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹni kan lọ, pé bí a bá gbé fóònù fún ọmọ, kò ní gbìyànjú láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú àwọn ènìyàn 27 tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, kò sí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù. Nǹkan bí 9 nínú 10 ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹ máa retí ọdún tí ahọ́n yóò yí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti yíyan áàpù, ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, "Èwo ni ó dára jù?" Bí ẹni ń béèrè bàtà tí ó dára jù láìmọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan jókòó ti ẹni náà. Ṣé ìka rẹ̀ lè tọ́ka sí ohun kékeré, tàbí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi ń gbá nǹkan? Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, àpótí ńláńlá ni ó yẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù ni a sì lè pàṣẹ fún pé kí ó má ka ìfọwọ́kàn tí kò pẹ́ díẹ̀. Àwọn kan a máa fi awo ike tí a dá ihò sí bo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ìka má baà yọ̀ lọ sórí àpótí kejì. Ṣé ó ń ríran? Ṣé ó mọ̀wé? Fóònù wo ni ó wà nílé, iná wo ni ẹ sì fi ń ṣáàjì rẹ̀? Bí ẹ bá wà nítòsí Ìbàdàn, Yunifásítì ibẹ̀ ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún. Ẹ wá olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ bí agbára bá ká a. Bí kò bá ká a, ẹ má ṣe dúró.

Mo lè dárúkọ díẹ̀. Proloquo2Go lókìkí gan-an, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ Apple nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Avaz wá láti ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí èdè ti pọ̀ bíi ti wa. Èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ àdúgbò wa ni Cboard, tí àjọ UNICEF ràn lọ́wọ́; ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, ó sì gbà kí a fi fọ́tò àti ohùn ara wa sínú rẹ̀. Ìjọba àgbègbè Aragon ní ilẹ̀ Sípéènì náà ti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí wọ́n ń pè ní ARASAAC, tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí kì í bá ṣe fún òwò.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ohùn, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ń gbọ́. Ẹ kọ "ọkọ", "ọkọ̀" àti "ọkọ́" fún irú wọn, bákan náà ni yóò pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní èbúté. Ọmọ tí ó fẹ́ wí fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ ti dé yóò di ẹni tí a ń fi rẹ́rìn-ín. Oògùn rẹ̀ ni kí a gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó náwó lé áàpù kankan, ẹ wò ó dájú bóyá ó gba èyí.

Ohùn ta ni ẹ óò wá gbà? Bàbá ọmọ náà ní kí a gba ti òun. Mo sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọmọbìnrin ọdún 9 kò lè máa sọ̀rọ̀ bí onílé tí ń béèrè owó ilé. Ọmọ ìyá kékeré rẹ̀, obìnrin, ẹni ọdún 10, ni ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀. Síbẹ̀ àkùkọ kan kọ sínú ọ̀rọ̀ "omi", a kò sì tètè mọ̀. Nígbà tí a fẹ́ tún un gbà, ọmọ náà fa fóònù rẹ̀ mọ́ àyà. Títí di òní, bí ó bá fẹ́ mu omi, àkùkọ ni yóò kọ́kọ́ kọ.

Ọ̀rọ̀ wo ni a óò kó sínú rẹ̀? Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe ní oúnjẹ, omi, oorun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti "ẹ ṣé". Gbogbo rẹ̀ ni ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ. Kò sí "rárá", kò sí "ó tó", kò sí "kí ni yẹn?" tàbí "irọ́ ni" tàbí "ẹ fi mí sílẹ̀". Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti rí i pé ọ̀rọ̀ bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ó ń kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ènìyàn ń sọ lójúmọ́, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe orúkọ nǹkan: fẹ́, lọ, wá, tún, yẹn, èmi, ta ni, níbo. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ní Yorùbá, "mo" àti "mi ò" gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí a kì í fi "rárá" kan ṣoṣo kọ nǹkan tó. Gbogbo ẹ̀yà ara gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú "ń dùn mí"; ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ńkọ́? Àwọn tí ó ṣe áàpù kò mọ̀ pé ọmọ wa kò gbọdọ̀ wí fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé "Wá". A ní láti fi "Wá" àti "Ẹ wá" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. A sì ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún "Ẹ kú", tí iṣẹ́, àárọ̀, ìrìn, ìjókòó àti ewu tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ tẹ "Ẹ kú ìjókòó" fún àwọn ìyá tí ń gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ igi, ẹni tí ó ní kí wọ́n nà án ní ọjọ́sí ni ó kọ́kọ́ dáhùn.

Bí ẹ bá ti to àpótí tán, ẹ má ṣe máa ṣí wọn nípò kiri. Ọwọ́ ni ó ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, bí ọwọ́ ìyá ṣe mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú òkùnkùn. Ẹ ti fóònù mọ́ áàpù kan náà (ẹ̀rọ Apple àti Android ní ètò fún èyí) kí ọmọ má baà bọ́ sínú eré. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sì kọ́kọ́ máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí a kò bí ọmọ kan tí ó sọ èdè tí kò gbọ́ rí. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú yín kí ẹ tó sọ ohun mìíràn. Ohun tí ó bí mi nínú jù ni ìyá kan tí ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó da ọbẹ̀ nù. Ta ni í gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ?

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí rọpárọsẹ̀ tó mú un. Nítorí pé ó mọ̀wé, a gbé áàpù tí a ń tẹ lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó tẹ ohun tí kò ní ìtumọ̀, ó sì sunkún. Àìsàn náà ti gba ìwé kíkà lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún ọ̀pọ̀, àwa kò sì mọ̀. Fọ́tò ni ó gbà á là: ilé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, oko kòkó rẹ̀, aṣọ, ọ̀pá ìtilẹ̀.

Ní àkókò náà, àwọn ará ilé ti fẹ́ ta oko yẹn. Wọ́n ti bi í, ó sì ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwa kò fiyè sí i pé ohun gbogbo ni ó ń mi orí sí láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, pé bí a bá ní ṣé ó fẹ́ iyán yóò mi orí, bí a bá ní ṣé kò fẹ́ iyán yóò tún mi orí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó fi ọwọ́ òsì tẹ fọ́tò oko, ó tẹ fọ́tò àbúrò rẹ̀ tí ń ṣètò títà náà, ó sì tẹ "rárá". A rò pé ó ṣèèṣì. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A kò ta oko náà.

Bí ó bá jẹ́ irú àìsàn tí ń gba ohùn díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ tètè gba ohùn ẹni náà sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà: orúkọ àwọn ọmọ, oríkì wọn, ìkíni, àwàdà rẹ̀. Láti 2023 ni ẹ̀rọ Apple ti ní ètò tí ó lè fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe ohùn àtọwọ́dá tí ó jọ ti onítọ̀hún, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bẹ̀rẹ̀; ohùn Yorùbá tí ẹ fúnra yín gbà kò ní dojú tì yín.

Ẹ tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ áàpù náà sórí bébà, kí ẹ sì fi ike bò ó. Iná yóò lọ, fóònù yóò bọ́ sómi, olè lè gbé e. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára ògiri lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè dé. Ti ọmọ àdúgbò wa wà nínú àpò ìwé rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé rẹ̀ pé: Ẹ jọ̀wọ́, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ fún mi láyè kí n dáhùn.