Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ọgbọ́n Orí ní Ọjọ́ Alẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé irú ọgbọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ní Ìrẹ́mọ, àdúgbò àtayébáyé tí Ọbalùfẹ̀ jẹ́ olórí fún ní Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹjọ́ bá délẹ̀ ní agbo-ilé, àgbà a máa gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn tán kí ó tó dá sí i. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó.

Ìmọ̀ òde òní kò jìnnà sí èyí. Ní 1963, Raymond Cattell ṣàlàyé pé ọgbọ́n orí pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni a fi ń tú ohun tuntun tí a kò rí rí. Ìgbà èwe ni ó ń mú jù lọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni a kó jọ láti inú ìrírí: ọ̀rọ̀, òwe, ìtàn àti ìwà ẹ̀dá. Eléyìí a máa bá ni pẹ́. Abájọ tí àgbà fi lè gbàgbé orúkọ àlejò àná, síbẹ̀ tí ó rántí orírun aáwọ̀ ilẹ̀ tí ó ti wà kí a tó bí àwọn tí ń jà sí i.

Ṣùgbọ́n arán yàtọ̀ sí ogbó. Ẹni tí ó ń ṣarán lè ṣìnà ilé ara rẹ̀, kí ó sì máa pe ọmọ rẹ̀ ní bàbá. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, àwọn mìíràn a ní àjẹ́ ni. Irọ́ ni; àrùn ọpọlọ ni. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ ṣèwádìí rẹ̀ láàrin àwọn arúgbó Ìdíkàn. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tí ó ti tó ọdún 65, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan tí àrùn náà ń mú níbẹ̀. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó lé ní mẹ́ta.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a mú ẹni tí ó ń ṣarán tẹ ìka sí ìwé ilẹ̀, kò sì tọ́ kí a sọ ọ́ lókò. Ìtọ́jú ni ó tọ́ sí i. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.