Òdòdó tí ó ń jẹ àgbàdo

Òdòdó kékeré kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa dá mọ̀. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀tá oúnjẹ ni.

Nígbà mìíràn, àgbàdo tàbí ọkà bàbà yóò máa rọ bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ òjò rọ̀ lánàá. Ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n, kò sì ní ga mọ́. Àwọn kan a ní, "Ayé ló ṣe é." Ẹ má tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí àgbàdo náà.

Bí ẹ bá rí ewéko kan níbẹ̀, ẹ wo nǹkan mẹ́ta:

1. Ewé rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ó sì ń ha ọwọ́.

2. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́ jọ elésè àlùkò. Ọ̀rùn òdòdó náà tẹ̀.

3. Bí ẹ bá rọra fi ọkọ́ wú u, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò àgbàdo.

Striga ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní èdè Látìn, ìtumọ̀ orúkọ náà ni àjẹ́. Ṣùgbọ́n ewéko ni, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ mọ àfòmọ́ orí igi òrí. Bí àfòmọ́ ti ń mu omi igi, bẹ́ẹ̀ ni Striga ń mu omi àti oúnjẹ àgbàdo lábẹ́ ilẹ̀. Kí ó tó yọ orí síta ni ó ti ń ba nǹkan jẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Bí ẹ bá ti rí i, ẹ fà á tu kí ó tó so, kí ẹ sì sun ún. Ẹyọ kan ṣoṣo lè so ju hóró 50,000 lọ. Hóró náà kéré bí eruku, ó sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ.

Nítorí náà, fífà tu nìkan kò tó. Ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ gbin sóyà, ẹ̀pà tàbí òwú sí ilẹ̀ náà. Gbòǹgbò wọn a máa jí hóró Striga, ṣùgbọ́n kò ní rí nǹkan jẹ lára wọn, yóò sì kú. Ẹ da ìgbẹ́ ẹran sí oko pẹ̀lú, torí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni Striga fẹ́ràn.

Ẹ fi òdòdó yìí han aládùúgbò yín. Bí oko kan bá mọ́ tí èkejì kò mọ́, atẹ́gùn àti omi òjò yóò tún gbé hóró rẹ̀ padà wá.