Igi Àjèjì Nínú Igbó Ọba: Gígé Nìkan Kò Tó

Àwa tí a ń ra gẹdú àti igi ìdáná ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ní 1969, wọ́n kó igi kan tí wọ́n fi ń ṣe bébà láti Éṣíà wá sí Ghánà, kí wọ́n fi dánra wò. Àdán àti ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, wọ́n gbé kóró rẹ̀ wọ igbó ọba. Bí wọ́n bá gé e, kùkùté á tún rú, gbòǹgbò á sì ta ọmọ.

Tiwa kò jìnnà. 1925 ni ìjọba fi òfin ya Igbó Omo sọ́tọ̀. Ní 1946, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan apá kan nínú rẹ̀. Mẹláínà tí wọ́n gbìn sínú igbó náà fún ilé iṣẹ́ bébà Ìwòpin, Éṣíà lòun náà ti wá, òun náà sì ń rú bí a bá gé e. Ó wúlò fún pákó o, ṣùgbọ́n kó dúró sí àyè tirẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kí a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Èyí tó ti dàgbà, kí a gé e kó tó so, kí a sì máa padà ká ọ̀mùnú rẹ̀ títí yóò fi kú.

Oòrùn ni irú igi báyìí ń fẹ́. Ẹni tó bá jí ìrókò gé nínú igbó ọba, ilẹ̀kùn ló ṣí fún un. Nítorí náà, kí a tó sanwó gẹdú, kí a wo òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀.