Fóònù Ti Di Àpò Owó Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ gbígbá ọjà la máa ń gbé síwájú nínú ìwé wa yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìṣẹ́tí ìró wa la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibẹ̀ la ń di owó sí tẹ́lẹ̀. Fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí, owó sì ti wọnú fóònù lọ.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ìrẹsì àti òróró, a kò ní dárúkọ rẹ̀, ta àpò ìrẹsì méjì fún ọkùnrin kan tó gbé mọ́tò wá ní ọjọ́ tí èrò pọ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò mú owó dání, òun á ṣe tíráńsífà. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó nà án sí wọn, wọ́n sì rí i tí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ti lọ. Kò pẹ́, fóònù ìyá náà dún. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ka iye owó sókè, ó pé géérégé, orúkọ báńkì wọn ló sì wà lókè rẹ̀. Wọ́n bá a gbé ìrẹsì sínú mọ́tò, wọ́n tún kí i pé ó kú ìnáwó. Nígbà tí wọ́n dé báńkì lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kò sí kọ́bọ̀ tó wọlé.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọmọ ka iye tó wọlé, kò ka ìlà tó tẹ̀lé e. Ìlà yẹn sọ pé owó tó wà nínú àkáǹtì jẹ́ N612,000. Ìyá náà kò sì ní ju bíi N40,000 lọ níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ẹni tó kọ alẹ́ẹ̀tì náà kò mọ iye tó wà níbẹ̀, ó kàn kọ ohun tó wù ú ni.

Ìpàdé wa gbóná lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ ṣòfin pé owó ọwọ́ nìkan la ó máa gbà. Àwa kò fara mọ́ ọn. Bí a bá ní a kò gba tíráńsífà, oníbàárà á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni. Àwọn tó ń wá láti Èkó ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní oko ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró, ṣé wọ́n á máa ru àpò owó kiri ni? Ojú ọ̀nà kò dára tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà inú wa rántí ibi tí ọ̀rọ̀ fóònù ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà NITEL, ilé olówó àti ọ́fíìsì ni tẹlifóònù wà, ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun sọ̀rọ̀ á lọ tò sí ìlà. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN gbé fóònù alágbèéká ti GSM dé. Síìmù kádì nìkan ju N20,000 lọ nígbà náà, N50 sì ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ìṣẹ́jú kan, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n á yọ. Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tí wọ́n sì ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù wá. Ọdún 2003 yìí náà ni Nokia 1100 jáde, fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ẹni tó bá ti pa ìsọ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn rí mọ ohun tí tọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe fún wa. Títí di òní, bí a bá ní “fóònù tọ́ọ̀ṣì”, kò sẹ́ni tí kò mọ irú èyí tí à ń sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ la fi fóònù ṣe nígbà yẹn. Ohun tó sọ ọ́ di àpò owó fún ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀wọ́n náírà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìjọba ti ní wọ́n ń pààrọ̀ N200, N500 àti N1,000 ní òpin ọdún 2022, wọ́n gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ wa, èyí tuntun kò sì tó. Ẹ ò gbàgbé! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, ó rọ̀, ó bàjẹ́ lórí àtẹ. Ẹlòmíràn san N2,000 fún oní-POS kó tó rí N10,000 gbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ. Kó tó di ìgbà náà, ìyá tí kò ní àkáǹtì rí ti ní kí ọmọ bá òun ṣí i, ẹni tó ń ta ata N200 náà ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ páálí. Páálí náà kò kúrò lára ìsọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ mọ bí àwọn jìbìtì yìí ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ olópò, irú èyí tí àwọn olóṣèlú máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń rán an lè kọ orúkọ sí ibi tó yẹ kí nọ́ńbà fóònù wà. Bó bá kọ orúkọ báńkì síbẹ̀, orúkọ báńkì lẹ máa rí. Báńkì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé wọ́n á ya rìsíìtì èké sínú fóònù ara wọn, wọ́n á fi hàn yín. Ọjọ́ àná ni wọ́n ya òmíràn, ọjọ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé owó wọlé lóòótọ́, àmọ́ N5,000 ló fi ránṣẹ́ dípò N50,000, á sì máa kánjú pé ọlọ́kadà ń dúró de òun. Ẹ ka òdo rẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó wà lórí fóònù oníbàárà kì í ṣe owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ fóònù tiwa pàápàá kò tíì di owó. Iye tó wà nínú àkáǹtì wa, tí àwa fúnra wa wò, òun ni owó. Bí ẹ ṣe máa wò ó kò le. Ẹni tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì lè wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú kóòdù oníràwọ̀ báńkì rẹ̀: *894# ni ti First Bank, *919# ni ti UBA, *901# ni ti Access, *966# ni ti Zenith, *737# ni ti GTBank. Láti orí síìmù tí ẹ fi ṣí àkáǹtì ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń yọ N6.98 fún un, láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ nínú owó ìpè orí fóònù, kì í ṣe nínú àkáǹtì mọ́. Ẹ má jẹ́ kí káàdì tán lórí fóònù yín pátápátá láàárín ọjà.

Àwọn kan nínú wa ní, “A ò kàwé, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?” Ẹ̀yin ìyá wa, kò sí ìyá ọjà tí kò mọ owó. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ N5,000 yàtọ̀ sí N50,000 dáadáa. Ní àárọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ́ ọjà, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹfun kọ ọ́ sí ibi kọ́lọ́fín ìsọ̀ tí ojú oníbàárà kò ní dé. Bí N15,000 bá wọlé, kí iye yẹn fi N15,000 gòkè. Bí kò bá gòkè, ọjà kò kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Olóòótọ́ oníbàárà á dúró, nítorí owó tirẹ̀ náà ló wà lójú ọ̀nà.

Ọmọ tó ń bá wa ka alẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wa o. A mọ̀ pé ọmọ wa ni, a ò ṣépè fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ní ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì ní ọ̀rẹ́.

Ti ẹ̀rọ POS kò fi bẹ́ẹ̀ gùn. Ẹ wo bébà tó yọ jáde kẹ́ ẹ tó gbé ọjà fún èèyàn. “Approved” ni pé ó gbà, “Declined” ni pé ó kọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kó há bébà ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ìsọ̀ kó lè máa fi wé e. Ìgbà mìíràn, ẹ̀rọ á kọ̀, síbẹ̀ oníbàárà á rí i pé wọ́n ti yọ owó òun. Ariwo á sọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé ọjà wá. Ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, kí ó mú bébà náà lọ sí báńkì tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a padà fún un. Bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń ṣe wá yìí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan nínú ọjà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní ilẹ̀ Ivory Coast, báńkì àti fóònù sì dà rú káàkiri ilẹ̀ aláwọ̀dúdú apá ìwọ̀-oòrùn. Abidjan jìnnà sí Òkè-Aró o, síbẹ̀ tíráńsífà ẹlẹ́lùbọ́ dúró gbagidi. Owó ọwọ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wà nílé fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Irú fóònù wo ló wá yẹ wá? Wọ́n ń bi wá lójoojúmọ́. Fóònù ńlá tí ọmọ rà fún ìyá rẹ̀ dára, a fi í wo ojú ọmọ-ọmọ ní ìlú òyìnbó, owó OPay tàbí ti PalmPay sì rọrùn lórí rẹ̀. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbé méjì, tọ́ọ̀ṣì fún ìpè àti kóòdù báńkì, ńlá fún nǹkan yòókù. A rò pé ọgbọ́n ni. Fóònù tọ́ọ̀ṣì lè lo bí ọjọ́ mẹ́ta láìrí iná, olè kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó lójú.

Iná fúnra rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe rí. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, áí-bẹ́tà-páàsì mi náíbọ̀ ti di ohun tí à ń wò lójú kí á tó tàn án. Páwà báńkì ló ń gba ọ̀pọ̀ nínú wa là. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tó kọ nọ́ńbà gàgàrà sára tó sì fúyẹ́ bíi páálí ọṣẹ, irọ́ ló ń pa. Iṣẹ́ bátìrì wúwo. Ẹ lọ́ra láti ra ti orí ọkọ̀ àti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tó tà á kò ní ìsọ̀ tí ẹ ó dá a padà sí.

Bí fóònù bá sọnù ńkọ́? Báńkì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ ní kí báńkì yín kọ tiyín fún yín, kẹ́ ẹ fún aládùúgbò ìsọ̀ yín mú dání, kí òun náà fún yín ní tirẹ̀. Kóòdù ìtìpa nìkan o, kì í ṣe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀.

Ìyà yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Láti ọdún 2007 ni àwọn ará Kenya ti ń fi M-Pesa ra ẹ̀fọ́ lórí fóònù kékeré. Ní Ghana, ìjọba bù lé owó orí fóònù ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́jà pariwo, ọdún 2025 ni wọ́n sì fagi lé e. Èyí tó wù wá jù ni ti India. Àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ń gbé àpótí kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ sórí àtẹ. Bí owó bá wọlé, àpótí á pariwo iye rẹ̀ ní èdè wọn, gbogbo ìsọ̀ á gbọ́. Kò dé orí bóyá èèyàn mọ̀wé tàbí kò mọ̀wé. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé POS fún wa, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín: tí ẹ bá ń gbé irú rẹ̀ bọ̀ ní Òkè-Aró, kó gbọ́ Yorùbá.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ àti ìwé kékeré kan dání. Ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yóò wá fi kóòdù báńkì han ẹni tí kò mọ tirẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ síwèé ní nọ́ńbà gàdàgbà. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ pe Ìyálọ́jà sí wọn. Ẹni tí bátìrì fóònù rẹ̀ bá ti wú kó má ṣe tún ki í bọ iná lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ o. Kó kọ́kọ́ lọ ra òmíràn, kó tó wá sípàdé.